Táfà Balógun àti Ọ̀pá Òfin: Ìtàn Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá Kan

Ìfáárà

Orúkọ tí Yorùbá fún ọlọ́pàá tó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Ẹni tí ó ni ọ̀pá ni ọlọ́pàá. Ọ̀pá tí a wí yìí kì í ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ arúgbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kùmọ̀ ọmọ ìta. Ọ̀pá àṣẹ ni. Láyé àtijọ́, bí ọba bá rán ìránṣẹ́ níṣẹ́ tí ó sì fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, gbogbo ẹni tí ó bá rí ọ̀pá náà mọ̀ pé ojú ọba ni àwọn ń wò. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ bá ti jíṣẹ́ tán, ààfin ni yóò dá ọ̀pá padà sí. Kò gbọdọ̀ gbé e lọ sí ilé ara rẹ̀ kí ó máa fi gba ewúrẹ́ aládùúgbò.

Ní PZ, ní ìlú Zaria, ní àdúgbò tí ó gba orúkọ lára ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Paterson Zochonis, Haúsá, Yorùbá, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni ó jọ ń rà tí wọ́n jọ ń tà. Gbogbo wọn ni ó mọ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n mọ̀ ni kọ́ńsítébù tí ó dúró sí etí títì. Ẹni tí àṣẹ rẹ̀ ń darí kọ́ńsítébù náà kò sí ní Zaria, kò sì sí ní Kàdúná. Abùjá ni ó wà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti jókòó sórí àga àṣẹ yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni. Kánò ni ó wà nígbà tí a yàn án sí ipò náà. Ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Zaria ni ó sì mú un dé iwájú adájọ́. Ìtàn rẹ̀ yóò jẹ́ kí a rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ìlú bá di ọ̀pá ẹnì kan.

Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́ Ọlọ́pàá

Kí ipò tí Balógun dé tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ipò náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Láàrin ọdún díẹ̀, àwọn aláṣẹ rẹ̀ kó ẹ̀ṣọ́ jọ sí ìlú náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà ni ó jẹ́ ọmọ Haúsá, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe ẹgbẹ́ náà ní Ẹ̀ṣọ́ Haúsá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí kò ní ìyekan, tí kò sì ní àna nínú ìlú ni ó rọrùn fún láti na ọmọ ìlú láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nítorí aláṣẹ ni a ṣe dá irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí ará ìlú. Ní 1896 a dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀, ní 1930 a sì pa ọlọ́pàá ìhà Gúúsù àti ti ìhà Àríwá pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó.

Ní ilẹ̀ Haúsá, àwọn dogarai ni ẹ̀ṣọ́ ọba láti ìgbà pípẹ́. Títí di òní, bí Ẹ́míà Zaria bá jáde ní ọjọ́ ọdún, àwọn dogarai a máa wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Àríwá ní ọlọ́pàá tiwọn tí wọ́n ń pè ní 'yan doka. Ilẹ̀ Yorùbá náà ní akódà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Nígbà ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, àwọn olóṣèlú lo irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ láti fìyà jẹ àwọn alátakò wọn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Láàrin ọdún díẹ̀ sí i, wọ́n pa ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rẹ́, wọ́n sì kó àwọn tí ó yẹ nínú wọn mọ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀.

Bí agbára gbogbo ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan nìyẹn. Louis Edet, ọmọ Calabar, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ní 1964. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní ìpín 215, fi ipò náà sí abẹ́ Ààrẹ: òun ni yóò yan ọ̀gá àgbà lẹ́yìn tí ó bá ti gba ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Ọlọ́pàá Nàìjíríà. Gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà fún kọmíṣọ́nà láyè láti sọ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Ààrẹ yóò wí. Nítorí náà, ojú ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀gá àgbà ń wò lókè. Nísàlẹ̀, gbogbo ọlọ́pàá láti Badagry dé Maiduguri ni ó ń wo ojú tirẹ̀.

Láti Ìlá dé Kánò

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1947 ni a bí Mustafa Adébáyọ̀ Balógun, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Táfà, ní Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Ó lọ sí Yunifásítì Èkó, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní 1972. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1973, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá láti ẹnu ọ̀nà àwọn ọ̀gá, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà kọ́ńsítébù. Lẹ́yìn náà, ó tún kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Àkókò tí ó wọ iṣẹ́ náà kì í ṣe àkókò ìrọ̀rùn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970, ìbọn sì ti wọ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìdigunjalè gbilẹ̀ débi pé ìjọba ológun ṣe òfin ní ọdún náà pé ikú ni èrè adigunjalè. Ní 1971, a bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn tí a dá lẹ́bi ní gbangba ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, tí èrò ń wò wọ́n. Irú ìrònú tí ó gba ìlú kan nígbà náà ni pé ìbọn ni a fi ń wo àìsàn ìbọn. Ìrònú yìí kò kú pẹ̀lú ìjọba tí ó bí i, a ó sì tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Balógun ga lẹ́nu iṣẹ́ náà ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn. Ó ṣe olórí òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì Muhammadu Gambo, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá láti 1986 sí 1990. Ó ṣe igbákejì kọmíṣọ́nà ní Ìpínlẹ̀ Edo. Ó jẹ kọmíṣọ́nà ní Delta, ó jẹ ẹ́ ní Rivers, ó sì tún jẹ ẹ́ ní Abia. Lẹ́yìn èyí ni a gbé e lọ sí Kánò gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá àgbà tí ń darí Ẹkùn Kìíní. Ẹni tí ó bá ka àwọn ibi wọ̀nyí yóò rí i pé kì í ṣe òpè ni ọkùnrin yìí. Ó mọ ìwé, ó mọ òfin, ó mọ Gúúsù, ó sì mọ Àríwá. Bí ìmọ̀ àti ìrírí nìkan bá tó láti sọ ènìyàn di olórí rere, kò sí ohun tí ó kù tí Balógun kò ní.

Iná fún Iná

Ẹkún ni ọdún 2002 fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001, àwọn apààyàn wọlé tọ Bọ́lá Ìgè, Mínísítà Ètò Ìdájọ́, lọ sí yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa á. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ohun ìjà ológun bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà, ìbẹ̀rù sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ inú odò. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nítorí owó tí ó tọ́ sí wọn tí wọn kò rí gbà. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Haúsá ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Yorùbá tí ó bá ń gbé ní Sábó tàbí ní PZ ní Zaria mọ ohun tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí oorun ènìyàn.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 2002, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ mú Musiliu Smith kúrò, ó sì pe Balógun wá láti Kánò láti gba ipò ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ohun tí ọ̀gá tuntun náà kọ́kọ́ fi dá ìlú lójú ni ètò ìgbógunti ọ̀daràn tí ó pè ní iná fún iná. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé adigunjalè tí ó bá gbé ìbọn yóò pàdé ìbọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí, nítorí ìyà ti jẹ wọ́n lọ́wọ́ olè débi pé ẹni tí yóò gbẹ̀san ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹni tí yóò ṣe ìwádìí. Orúkọ ìdílé rẹ̀ pàápàá jẹ́ orúkọ oyè ogun.

Ṣùgbọ́n ìlú kì í ṣe ojú ogun. Lójú ogun, aṣọ ni a fi ń mọ ọ̀tá. Nínú ìlú, adájọ́ nìkan ni ó lè sọ ẹni tí í ṣe olè. Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn, tí ó dá a lẹ́jọ́, tí ó sì pa á ní ojú kan náà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ mọ́ bóyá olè ni òkú náà tàbí ọmọ ọlọ́mọ tí ó ń ti ọjà bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ní oṣù keje ọdún 2005, lẹ́yìn tí Balógun ti kúrò níbẹ̀, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìwé ìròyìn kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń dá ènìyàn lóró tí wọ́n sì ń kú sí àtìmọ́lé ọlọ́pàá ní Nàìjíríà. Iná tí a ní kí ó jó olè, ilé àwọn mìíràn ni ó ràn mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Awka

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tún wà tí ó fi bí agbára ọlọ́pàá ṣe rí hàn ní gbangba. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2003, Raphael Ige, olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, kó ọlọ́pàá lọ bá Chris Ngige, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Anambra, ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Awka. Wọ́n mú gómìnà, wọ́n ní ó ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ngige ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì padà sípò. Wọ́n ní kí Ige lọ fẹ̀yìn tì.

Òfin-ìpìlẹ̀ pe gómìnà ní aláṣẹ àgbà ìpínlẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ọlọ́pàá tí ó ń ṣọ́ ọ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá lè gbé gómìnà láàrin ọ̀sán, kí ni kò lè ṣe fún alágbàtà ní PZ? Ìbéèrè yìí ni ìṣẹ̀lẹ̀ Awka fi sílẹ̀ fún ìlú.

Òfin Mú Ọ̀gá Ọlọ́pàá

Ní oṣù kìíní ọdún 2005, Balógun fi ipò sílẹ̀ lójijì, Sunday Ehindero sì gba ipò náà. Láìpẹ́, ìdí rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Àjọ EFCC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti máa gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, ti ń tọ ipasẹ̀ owó ńlá kan. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2005, wọ́n mú ọ̀gá àgbà àná wá sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abùjá. Ẹ̀sùn 70 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, lórí owó tí ó tó náírà bílíọ̀nù 13, wọ́n sì ní láàrin 2002 àti 2004 ni ó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwòrán rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí àwọn tí wọ́n ti ń kí i tẹ́lẹ̀ ń tì í lọ, wọ inú gbogbo ìwé ìròyìn.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ọdún tí ẹ̀sùn náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2002 kan náà ni kọ́ńsítébù da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó. Kọ́ńsítébù tí kò rí owó gbà ni ó na ọwọ́ sí awakọ̀ ní etí títì. Awakọ̀ tí ó fún un ní ẹ̀gúnjẹ ni ó fi owó náà kún owó ọkọ̀. Ìyá alátà tí ó san owó ọkọ̀ ni ó fi í kún owó ata. Báyìí ni ohun tí ó bàjẹ́ ní Abùjá ṣe ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ ní Zaria.

Ẹjọ́ náà kò lọ títí dé òpin bí ẹjọ́ ṣe máa ń lọ. Olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ jọ ṣe àdéhùn: Balógun gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́jọ, ó sì yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ ilé àti owó fún ìjọba. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2005, Adájọ́ Binta Nyako rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì ní kí ó san owó ìtanràn náírà mílíọ̀nù 4. Ó lo apá kan nínú ẹ̀wọ̀n náà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Abùjá, ó sì jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2006.

Ojú méjì ni àwọn ènìyàn fi wo ìdájọ́ yìí. Àwọn kan ní oṣù mẹ́fà kéré. Wọ́n ní ẹni tí ó jí fóònù ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àtìmọ́lé kí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn ní kékeré kọ́ ni pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó tí a gbà padà pàápàá kò tètè tán, nítorí ní 2009 ìgbìmọ̀ Ilé Aṣojú-ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ṣì ń bèèrè ibi tí ó wọlé sí.

Pàṣán Orí Àjà

Nuhu Ribadu ni ó jẹ́ olórí EFCC nígbà náà. Ọmọ Yola ni. Ní 1960 ni a bí i. Yunifásítì Ahmadu Bello ni ó ti kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin rẹ̀ wà ní Kongo ní Zaria. Lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Èyí ni pé ọlọ́pàá ni ó mú ọlọ́pàá, àbúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó sì pe ẹ̀gbọ́n lẹ́jọ́. Ní ilẹ̀ tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ohun kékeré kọ́ ni èyí. Ohun tí ó sì mú kí ó ṣeé ṣe ni pé Ribadu ní àṣẹ mìíràn tí kò ti ọwọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá wá.

Ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní òpin ọdún 2007, lẹ́yìn tí ìjọba ti yí padà, wọ́n mú Ribadu kúrò ní EFCC. Ní 2008, wọ́n rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ọdún náà sì ń parí lọ, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì sá kúrò ní orílẹ̀-èdè. Ní 2010 ni wọ́n yí ìyà náà padà. Ní 2023, ó di olùdámọ̀ràn Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú lórí ètò ààbò. Bí a bá fi ìtàn àwọn méjèèjì wé ara wọn, a ó rí i pé ìwà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n okùn kan náà ni ó so wọ́n mọ́lẹ̀. Aláṣẹ ni ó gbé wọn sókè. Ìgbà tí ojú aláṣẹ yí padà ni ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Táfà Balógun kú ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2022, ní ẹni ọdún 74. Orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́ nínú ìtàn, nítorí kò sí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá mìíràn ṣáájú rẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọdún 15 lẹ́yìn ẹjọ́ rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní ọ̀pọ̀ ìlú láti kọ ìwà SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a dá sílẹ̀ fún ìgbógunti ìdigunjalè, títí ìjọba fi tú u ká. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn kò yàtọ̀ sí ti ìgbà iná fún iná: ìdálóró, ìgbowó, àti ikú láìsí ìdájọ́. A ti yọ ẹnì kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kọjá pé olè kò dára. Ọmọdé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ èyí. Láti ìgbà Ẹ̀ṣọ́ Haúsá ní Èkó àti ìgbà 'yan doka ní Zaria, ẹni tí ó gbé ọ̀pá fún ọlọ́pàá ni ọlọ́pàá ń dá ọ̀pá padà fún. Ará ìlú tí a ń fi ọ̀pá náà ṣọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń gbé e fún un, wọn kì í sì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń gbà á. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 gbìyànjú díẹ̀: ó fún ọ̀gá àgbà ní ọdún mẹ́rin lórí àga, kí ó má baà jẹ́ pé ìbínú ẹnì kan ni yóò máa lé e. Ohun rere ni èyí jẹ́ fún ọ̀gá àgbà. Kọ́ńsítébù tí ó dúró ní PZ àti ẹni tí ó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lálẹ́ ṣì ń retí òfin tí yóò jẹ́ kí àwọn náà lè bèèrè pé: ọ̀pá ta ni èyí, ta ni a ó sì jíṣẹ́ rẹ̀ fún?